Ta Ni Yóò Jẹ́rìí sí Iṣẹ́ Tí Kò Lọ́gàá? Àjọ LPI àti Ìdánwò Linux ní Àpéjọ FOSDEM

Bí ọmọ kan bá kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ìbàdàn tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ tó bá gba fíríìdọ̀mù ni gbogbo àdúgbò máa ń mọ̀ pé ó ti di ọ̀gá láyè ara rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ á wà níbẹ̀, alága ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ á wà níbẹ̀, àwọn òbí á gbé oúnjẹ àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá. Wọn á gbàdúrà, wọn á sì fún un ní ìwé ẹ̀rí tí yóò fi kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Oníbàárà tí kò mọ̀ ọ́n rí, tó wọlé tó rí ìwé náà, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀ kó tó fi àǹkárá rẹ̀ sílẹ̀. Nǹkan méjì ni ìwé yẹn ń sọ fún un: pé ẹnì kan kọ́ ọmọ yìí níṣẹ́, àti pé ẹgbẹ́ tó ju ẹni yẹn lọ mọ̀ sí i.

Iṣẹ́ kan wà lóde òní tí irú ètò yìí kò rọrùn fún. Iṣẹ́ náà ni títọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ni kò ní ọ̀gá kankan. Wọ́n jókòó sílé ara wọn, wọ́n ń ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ, wọ́n ń dán an wò, ó ń bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n ń tún un ṣe, títí iṣẹ́ fi wọ̀ wọ́n lára. Ta ni yóò wá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní fíríìdọ̀mù? Ìbéèrè yìí ló bí àjọ tí wọ́n ń pè ní Linux Professional Institute, LPI ní ìkékúrú. Òun náà ló sì wà nídìí bí àjọ náà ṣe máa ń gbé ìdánwò rẹ̀ lọ bá àwọn ènìyàn ní àpéjọ FOSDEM, ní ìlú Brussels, orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù.

Ohun tí irú àjọ bẹ́ẹ̀ ń wá lọ síbẹ̀ kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn kan gbà pé ọjà ló lọ tà. Àwọn kan gbà pé ẹni tó bá ti lọ sí àpéjọ náà ti gba ìwé ẹ̀rí nìyẹn. Ẹlòmíràn á sì béèrè pé, bí sọ́fítíwíà bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ló dé tí ìdánwò rẹ̀ ń gba owó? Ìbéèrè gidi ni wọ́n, wọ́n sì tó ohun tí a ń farabalẹ̀ dáhùn.

Ọbẹ̀ tí wọ́n kọ bí a ṣe ń sè é sára pátákó

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìdáná bẹ̀rẹ̀. Ká ní ìyá olóúnjẹ kan wà tí ẹ̀fọ́ rírò rẹ̀ dùn débi pé àwọn ènìyàn ń tò nítorí rẹ̀. Ó lè ta ọbẹ̀ náà kó fi bó ṣe ń sè é ṣe àṣírí. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù lọ́jọ́ kan, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe ju kí ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ lọ. Ó sì lè kọ gbogbo rẹ̀ sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà, iye irú, iye ata, ìgbà tí epo ń wọlé, kó ní ẹni tó bá wù kó dà á kọ, kó lọ sè é, kó yí i padà bó ṣe fẹ́, kódà kó máa tà á. Sọ́fítíwíà tí wọ́n bá ṣe lọ́nà kejì yìí ni open source. Kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlànà tí ènìyàn kọ fún kọ̀ǹpútà láti tẹ̀ lé, wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kà á, lò ó, tún un ṣe tàbí pín in.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju bí àwọn kan ṣe rò lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1983 ni Richard Stallman ní Amẹ́ríkà kéde iṣẹ́ GNU, pé òun fẹ́ kọ gbogbo ohun èlò tí kọ̀ǹpútà nílò, kó sì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Yunifásítì Helsinki ní Fínlándì, kọ̀wé sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun ń ṣe ètò kan tí kọ̀ǹpútà lè fi ṣiṣẹ́. Ìyẹn ló di Linux. Lọ́dún 1992 ó fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ GNU GPL, èyí tó sọ pé ẹni tó bá yí kóòdù náà padà, tó sì pín in fún ẹlòmíràn, gbọ́dọ̀ fi kóòdù tó yí padà náà hàn pẹ̀lú. Orúkọ náà gan-an, open source, ọdún 1998 ló dé. Christine Peterson ló dábàá rẹ̀.

Lónìí, ẹni tó ní fóònù Android lápò ń lo Linux, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017, gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tó lágbára jù lọ láyé nínú ìwé TOP500 ló ń lo Linux. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ ti di ohun tí báǹkì, ilé ìwòsàn àti ìjọba gbára lé.

Ibí yìí ni àṣìlóye tó wọ́pọ̀ jù ti ń wọlé. Àwọn ènìyàn gbọ́ pé ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí pé owó kò gbọdọ̀ wọ ọ̀rọ̀ náà rárá. Ẹ padà sí ọ̀dọ̀ ìyá olóúnjẹ. Pé ó kọ bí a ṣe ń sè é sára pátákó kò sọ pé kí ẹ wá jẹun kí ẹ máa lọ. Ẹ lè bẹ̀ ẹ́ kó wá se tiyín nílé yín, ẹ ó sanwó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ lè gba alásè mìíràn tó ti kọ́ ọbẹ̀ náà lára pátákó, ẹ ó sanwó tirẹ̀ náà. Ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ ni ìmọ̀ náà àti ẹ̀tọ́ láti lò ó. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ṣì ní iye tirẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé alásè mẹ́wàá ló sọ pé àwọn mọ ọbẹ̀ yẹn sè, ẹ ó fẹ́ mọ èwo nínú wọn ló mọ̀ ọ́n ní tòótọ́.

Nígbà tí kò sí ẹni tó ni ín

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣe sọ́fítíwíà tó sì ni ín, ó rọrùn fún un láti ṣe ìdánwò kó sì fún àwọn tó mọ ohun èlò rẹ̀ lò ní ìwé ẹ̀rí. Kò sí ẹni tó ni Linux báyìí. Àwọn tó ń kó o jọ fún ìlò pọ̀, wọ́n sì ń ṣe é lóríṣiríṣi: Debian wà, SUSE wà, Slackware wà, Red Hat wà. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn ilé-iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó mọ Linux gbà síṣẹ́, wọn kò sì mọ bí wọ́n ṣe lè dá ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń fẹnu sọ.

Red Hat gbé ìdánwò RHCE jáde lọ́dún 1999. Ìdánwò tó dára ni, nítorí orí kọ̀ǹpútà gidi ni wọ́n ti ń ní kí ẹni tó ń ṣe é tún nǹkan ṣe. Ṣùgbọ́n Red Hat tirẹ̀ ló ń jẹ́rìí sí. Ohun tí àwọn mìíràn ń rò ni pé kí ìdánwò kan wà tí kì í ṣe ti olùtajà kankan. Dan York ní Amẹ́ríkà kọ àpilẹ̀kọ lórí èyí ní ìparí ọdún 1998. Ní Kánádà, àwọn mìíràn tí Evan Leibovitch wà lára wọn ń ro ohun kan náà. Wọ́n para pọ̀, LPI sì dìde lọ́dún 1999 ní Kánádà gẹ́gẹ́ bí àjọ tí kì í ṣe fún èrè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 ni ìdánwò wọn àkọ́kọ́ jáde.

Ọ̀rọ̀ yẹn, àjọ tí kì í ṣe fún èrè, máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Kò túmọ̀ sí pé owó kì í wọlé. Ẹ wo ẹgbẹ́ ìlú tó ń dáwó lóṣooṣù: owó ń wọlé, wọ́n ń sanwó akọ̀wé, wọ́n ń kọ́ ilé ìtọ́jú aláìsàn, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tó máa pín èyí tó ṣẹ́kù lọ sílé ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti LPI. Owó ìdánwò ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò mìíràn, tí wọ́n sì fi ń sanwó àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn tó ti gba ìwé ẹ̀rí lè wọ ẹgbẹ́ náà, kí wọ́n sì dìbò yan ìgbìmọ̀ olùdarí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Jon Hall, àgbà tí gbogbo àwọn onílinux mọ̀ sí maddog, fi ṣe alága ìgbìmọ̀ náà.

Ẹni tó kọ́ni àti ẹni tó dánni wò

Ní Nàìjíríà, a ti mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ ọmọ, WAEC ló ń dán an wò. Bí ilé-ẹ̀kọ́ náà bá tún ń ṣe ìdánwò àṣekágbá fúnra rẹ̀, tí òun nìkan sì ń máàkì rẹ̀, ìwé ẹ̀rí wo ni àwọn ará Kánò tàbí Àkúrẹ́ yóò gbà gbọ́? Oní-mọ́ínmọ́ín kì í sọ pé mọ́ínmọ́ín òun ti kan. Ìdí nìyí tí LPI kì í fi ṣe ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́ káàkiri ayé, ó sì gbé ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ibi tó ti kọ́ṣẹ́. Ẹni tó lọ sí yunifásítì àti ẹni tó kọ́ ọ nínú yàrá rẹ̀ lálẹ́ nígbà tí iná mànàmáná bá dé, ìbéèrè kan náà ni wọn yóò bá pàdé.

Ní tèmi, ibí yìí gan-an ni iyì ètò náà wà. Ọmọ tí kò ní owó ilé-ẹ̀kọ́ kò sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ nù.

Bí wọ́n ṣe ń pèsè ìdánwò

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ọ̀gbẹ́ni kan ló jókòó tó ro ìbéèrè ọgọ́ta sínú ìwé. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni mo sì fẹ́ dúró lé jù.

Wọ́n á kọ́kọ́ wádìí ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Wọ́n á bi àwọn tó ń ṣe é léèrè: èwo lẹ ń ṣe lójoojúmọ́? Èwo lẹ ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún? Èwo ló jẹ́ pé bí ẹni tuntun bá ṣì í ṣe, iṣẹ́ gbogbo ilé-iṣẹ́ á dá dúró? Láti inú ìdáhùn wọn ni ìwé ohun tí ìdánwò dá lé ti ń jáde, wọ́n á sì fún ohun kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Nínú LPIC-1, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìpele kìíní fún àwọn olùtọ́jú kọ̀ǹpútà, ìdánwò méjì ló wà, 101 àti 102. Ìbéèrè 60 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 90 ni wọ́n fi ń ṣe é, àròpọ̀ ìwọ̀n àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ 60. Títẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà ní ìwọ̀n 4. Lílo vi láti tún ìwé ṣe ní ìwọ̀n 3. Ẹni tó ń múra sílẹ̀ á wá mọ iye ìbéèrè tó lè retí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí àṣírí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè kà á láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kékeré kan nínú ìwé náà. Bí wọ́n ṣe ń fi sọ́fítíwíà tuntun sórí Debian yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń fi í sórí Red Hat. Méjèèjì ló wà nínú ìdánwò 101, ìwọ̀n 3 ni ti Debian, ìwọ̀n 3 ni ti Red Hat. Ohun tí à ń pè ní àìṣègbè nìyẹn, ó sì ṣe é fi ìka tọ́ka sí.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn tó mọ iṣẹ́ á kọ ìbéèrè. Ìbéèrè rere kò gbọdọ̀ tan ẹni tó mọ̀ ọ́n jẹ, kò sì gbọdọ̀ gba ẹni tí kò mọ̀ ọ́n là. Àwọn ìbéèrè kan ní ìdáhùn mélòó kan tí ènìyàn á mú nínú wọn. Àwọn kan sì jẹ́ àlàfo lásán, ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ àṣẹ náà sí i fúnra rẹ̀. Ká ní wọ́n béèrè pé, àṣẹ wo la fi ń yí ẹni tó lè ka fáìlì kan àti ẹni tó lè kọ nǹkan sínú rẹ̀ padà? Ẹni tó ti gbé nílé alájùmọ̀gbé lóye ọ̀rọ̀ náà: baálé ilé ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá, ayálégbé ní ti yàrá tirẹ̀, àlejò kò kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lórí Linux, chmod ni àṣẹ tó ń pín kọ́kọ́rọ́ náà. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́, ìka rẹ̀ á ti kọ ọ́ kí ojú rẹ̀ tó ka ìbéèrè náà tán. Ẹni tó kàn gbọ́ nípa rẹ̀ á máa wo òfìfo.

Síbẹ̀, wọn kò tíì ní gbé ìbéèrè wọ̀nyí jáde. Wọ́n á kọ́kọ́ fi dán àwọn ènìyàn wò, wọ́n á wá fi ìṣirò wádìí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo ènìyàn bá gba ìbéèrè kan, kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀, kò sì wúlò tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó ṣe dáadáa jù nínú gbogbo ìdánwò ló ń kùnà ìbéèrè kan, tí àwọn tó ṣe tì sì ń gbà á, ìbéèrè náà ló ní àrùn, wọ́n á yọ ọ́.

Èsì máa ń jáde lórí òṣùwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ láti 200 dé 800, ẹni tó bá ní 500 ló yege. Èyí náà ń da ènìyàn rú. Kì í ṣe pé ẹni náà gba ìbéèrè 500, kì í sì í ṣe ìdá ọgọ́rùn-ún. Ẹ ro kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gàrí. Kóńgò ọjà Bódìjà lè tóbi díẹ̀ ju kóńgò ọjà mìíràn lọ, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ fi owó gàrí ọjà méjì wéra gbọ́dọ̀ gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò rí. Ìbéèrè tí wọ́n fún ẹni kan lè le díẹ̀ ju ti ẹnì kejì lọ. Òṣùwọ̀n yìí ló ń mú kí 500 ti ẹni àkọ́kọ́ àti 500 ti ẹnì kejì jẹ́ ohun kan náà.

Lókè LPIC-1 ni LPIC-2 wà, lẹ́yìn rẹ̀ ni LPIC-3, tó pín sí ẹ̀ka bí ààbò àti àwọn mìíràn. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Linux Essentials wà, ìbéèrè 40 ní ìṣẹ́jú 60. Ọdún 5 ni àwọn LPIC fi ń ṣiṣẹ́, nítorí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ń gbó; Linux Essentials kò ní ọjọ́ ìparí.

Kí ló gbé wọn dé Brussels?

FOSDEM ni àpéjọ àwọn onímọ̀ open source tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù kì í fẹ́ pàdánù. Raphaël Bauduin ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2000. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é, ní ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè kan ní ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èrèlé, nínú ọgbà Solbosch ti Yunifásítì ULB. Òtútù máa ń mú gan-an lákòókò yẹn. Kò sí owó ìwọlé, kò sí orúkọ tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá dé ti dé nìyẹn. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún 8 ènìyàn tó máa ń kún ọgbà náà, débi pé yàrá ìpàdé máa ń kún tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni á sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn láti sọ fún àwọn tó kù pé kò sí àyè mọ́. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni yìí ló ń ṣe gbogbo ètò náà. Lọ́dún 2021 àti 2022, nítorí àrùn Kòrónà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ṣe é.

Ẹ wo ohun tí èyí jẹ́ fún àjọ tó ń ṣe ìdánwò. Ní ọjọ́ lásán, ẹni tó fẹ́ ṣe LPIC lè lọ sí ibùdó ìdánwò Pearson VUE kan, kó jókòó níwájú kọ̀ǹpútà. Ibùdó náà ń gba owó tirẹ̀, olùmójútó wà níbẹ̀ kódà bó jẹ́ ẹnì kan péré ló wá lọ́jọ́ yẹn. Ní FOSDEM, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti ń lo Linux lójoojúmọ́ ti kó ara wọn jọ fúnra wọn. Yàrá kan, olùmójútó díẹ̀, ìwé ìbéèrè, ó parí. Ìdí nìyẹn tí LPI fi lè dín owó ìdánwò kù níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Kì í ṣe àánú, kì í sì í ṣe ẹ̀tàn ọlọ́jà. Ẹni tó bá ra ọsàn ní àpò kan kò ní san iye tí ẹni tó ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan san.

Ìdí kejì kò hàn sójú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni mo kà sí pàtàkì jù. Àjọ tó fẹ́ jẹ́rìí sí iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ máa gbé láàárín àwọn tó ń ṣe é. Ẹni tó kọ ohun èlò kan lè wà ní yàrá kejì, ó ń ṣàlàyé ohun tí yóò yí padà nínú rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Bí àwọn tó ń kọ ìdánwò kò bá sí nítòsí, wọn yóò máa béèrè ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ti fi sílẹ̀ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn. Níbi tábìlì LPI, wọ́n máa ń gbọ́ ẹ̀hónú: ìbéèrè yìí kò bá iṣẹ́ wa mu mọ́, ẹ kò tíì fi èyí kún un. Ẹgbẹ́ aránṣọ tí alága rẹ̀ kò wọ ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni láti ọdún mẹ́wàá kò lè mọ irú ìránṣọ tó wà lóde. Irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ hàn nínú ìdánwò BSD: BSD jẹ́ ẹbí ètò kọ̀ǹpútà mìíràn tó jọ Linux, tó ní àwọn ènìyàn tirẹ̀, wọ́n sì ti ní ìdánwò tiwọn tẹ́lẹ̀, kí LPI tó gbà á mọ́ tirẹ̀ lọ́dún 2018.

LPI tún fẹ́ kí wọ́n rí òun, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àjọ tí owó ìdánwò ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ nílò àwọn tó máa ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n FOSDEM kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti lè fi ariwo tajà. Àwọn tó wá síbẹ̀ ni wọ́n kọ àwọn ohun èlò náà, ẹni tó bá ń fọ́nnu lórí ohun tí kò mọ̀ kò ní pẹ́ tó fi hàn.

Bí ọjọ́ náà ṣe ń rí fún ẹni tó fẹ́ ṣe é

Ẹni náà á ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LPI kó tó kúrò nílé, wọ́n á ti fún un ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí yóò máa lò títí ayé. Á mú àkókò kan nínú èyí tí wọ́n là kalẹ̀, á sì san owó. Ní ọjọ́ náà, á mú ìwé ìdánimọ̀ tó ní àwòrán lọ́wọ́, páspọ́ọ̀tù tàbí irú rẹ̀. Fóònù á wọ àpò, kọ̀ǹpútà alágbèéká náà á wọ àpò. Ó lè jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn ló ń bá ẹni tó ṣe ohun èlò tó fẹ́ràn jù sọ̀rọ̀. Nísinsìnyí òun àti ìbéèrè ló kù.

Ní ọ̀pọ̀ ọdún tí LPI ti ń ṣe é ní FOSDEM, orí ìwé ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà, nítorí náà èsì kì í jáde lójú ẹsẹ̀ bíi ti ibùdó ìdánwò tí kọ̀ǹpútà ti ń máàkì. Ẹni náà á padà sílé, á máa dúró fún èsì.

Àṣìlóye kan wà níbí tó yẹ ká mú kúrò. Àwọn kan gbà pé ìdánwò àpéjọ rọrùn ju ti ibùdó lọ, pé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò tó ti ibùdó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun kan náà ni ìdánwò dá lé, òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń máàkì, ìwé ẹ̀rí kan náà ló ń jáde. Ẹni tó ṣe WAEC ní gbọ̀ngàn ìlú nítorí pé òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń jò, WAEC náà ló ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe FOSDEM ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí. FOSDEM yọ̀ǹda àyè, LPI ló jẹ́rìí.

Ohun tí ìwé náà kò lè sọ

Mo gbà pé ètò yìí dára, síbẹ̀ n kò ní bu iyì tí kò ní fún un. Ìdánwò tí a kọ lórí ìwé kò lè rí bí ènìyàn ṣe ń ṣe nígbà tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ bá kú ní agogo méjì òru, tí ọ̀gá ń pè é lórí fóònù, tí oníbàárà ń bínú. Ìdánwò bíi ti Red Hat, tí ènìyàn ti ń fi ọwọ́ tún nǹkan ṣe, ń sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Òun náà kò dé ibẹ̀ tán. Ìwé ẹ̀rí LPI ń sọ pé ẹni yìí mọ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ gbà pé ẹni ìpele yìí yẹ kó mọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé tó ń fúnni níṣẹ́, ẹni tó bá tà á fún ọ̀dọ́ kan gẹ́gẹ́ bí ìlérí iṣẹ́ ti ṣe é níbi.

Ibi mìíràn wà tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ba ti ara wọn jẹ́: ríra ìbéèrè tí àwọn kan jí gbé láti inú ìdánwò. Ẹni tó ń ṣe ìdánwò á ti fọwọ́ sí i pé òun kò ní tú ìbéèrè síta. Ẹni tó fi jíjí yege á gba ìwé, lóòótọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́, chmod á fi hàn.

Ní ilẹ̀ wa náà, irú àpéjọ bíi FOSDEM ti ń gbilẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ tó dá Open Source Community Africa sílẹ̀ ṣe Open Source Festival àkọ́kọ́ ní Èkó. Ibùdó ìdánwò Pearson VUE wà ní Èkó pẹ̀lú, iye owó ìdánwò LPI kò sì dọ́gba ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe é kò nílò físà lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù.

Nígbà tí èsì bá dé, tí ẹni náà sì yege ní ìdánwò méjèèjì, LPI á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, á sì fún un ní kóòdù ìfìdímúlẹ̀. Ó lè tẹ ìwé náà jáde kó fi kọ́ ara ògiri bíi ti aránṣọ, ṣùgbọ́n kóòdù yẹn ló ṣe pàtàkì. Agbanisíṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, tí kò dé Brussels rí, á ṣí ojú ìwé LPI lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ náà pẹ̀lú kóòdù rẹ̀, á sì rí orúkọ, ìpele àti ọjọ́ tí ìwé ẹ̀rí náà yóò parí.